Òwú Tí Ẹfúnyẹlá Gbọ̀n

"Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran." Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Bí ọmọ kan bá hùwà àbùkù ládùúgbò, kíá lẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́nu, wọ́n á sì máa yíjú sí ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí ìyàwó ilé bá jó ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá ọkọ á fi gún un lára. Èébú ni wọ́n sọ òwe náà dà. Mo ti bi púpọ̀ nínú wọn pé ta ni ìyá ọ̀hún, kí ló sì gbé òwú dé inú ọ̀rọ̀, wọ́n á kàn máa wò mí lójú.

Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ó dára, ẹ fara balẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo fẹ́ sọ ọ́ yìí. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó mú un dání títí n ó fi parí.

Erékùṣù kan wà láàrin ọ̀sà láyé àtijọ́, Òkèrò ni wọ́n ń pè é. Iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Iṣu kì í ta, àgbàdo kì í yọmọ dáadáa. Ẹja ni wọ́n gbójú lé, àwọ̀n ni wọ́n sì fi ń wá ẹja. Ẹ má sì rò pé àwọ̀n ọ̀rá tí ẹ ń rà lọ́jà ni mò ń sọ o. Òwú ni. Àwọn ará òkè á fi ọkọ̀ gbé òwú wá lẹ́yìn ìkórè, àwọn obìnrin Òkèrò á yọ kóró inú rẹ̀, wọ́n á fi ọrun gbọ̀n ọ́n títí yóò fi fúyẹ́ tí yóò sì wú, wọ́n á ran án lórí kẹ̀kẹ́ ìrànwú, wọ́n á wá fi hun àwọ̀n tàbí kí wọ́n fi lọ́ okùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó hun ún tàbí lọ́ ọ, wọ́n á kọ́kọ́ sè é nínú omi èèpo igi ẹ̀gbà kí omi iyọ̀ má baà tètè jẹ ẹ́. Bó bá jáde níbẹ̀, á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ojú kò sì lè mọ òwú tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára mọ́.

Wọ́n ní àṣà kan. Ìyá ló ń gbọ̀n, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ran. Ìyá á ti ilẹ̀kùn mọ́rí gbọ̀n òwú rẹ̀, á kó o sínú agbọ̀n, á fi aṣọ bò ó, á gbé e fún ọmọ. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ tú agbọ̀n náà wò, kò gbọ́dọ̀ ṣa ohunkóhun nínú rẹ̀. Láti abẹ́ aṣọ ni yóò ti máa fa òwú náà yọ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ran án. Ọmọ tó bá ṣa òwú ìyá rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ní kí ìyá òun la ẹnu kí òun ka eyín rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín tí ẹ bá fẹ́. Àwa náà ní tiwa tí àwọn mìíràn yóò fi wá rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kan wà ní Òkèrò, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Baba rẹ̀ ti kú. Ó ku òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ Ògúnṣẹ̀san, àti ìyá wọn, Ẹfúnyẹlá. Kò sí obìnrin tó mọ òwú gbọ̀n tó Ẹfúnyẹlá ní gbogbo erékùṣù náà. Àwọn ìyá mìíràn á rán ọmọ wọn wá sẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ bí ọrun rẹ̀ ṣe ń dún. Obìnrin náà mọ̀ pé wọ́n ń yin òun, ó sì fẹ́ràn ìyìn. Ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀?

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò rọ̀ kọjá ààlà. Ilé opó ni, ojú omi ni Ògúnṣẹ̀san wà lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó bá a tún òrùlé ṣe lásìkò, omi sì wọ inú òwú tó fi pamọ́ sí àjà. Nígbà tó fi mọ̀, ìdajì ti bu, ó ti ń rùn. Tó bá ní kí àwọn aládùúgbò bù díẹ̀ fún òun, ta ni ì bá kọ̀? Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Òun, Ẹfúnyẹlá, kó gbé agbọ̀n kiri tọrọ òwú? Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí igi àràbà tó wà ní ìpẹ̀kun erékùṣù, níbi tí òwú àràbà ti já bọ́ sílẹ̀ tó funfun láúláú, ó ṣà á, ó sì dà á pọ̀ mọ́ ojúlówó òwú. Òwú àràbà kò ṣeé ran, ọmọ Òkèrò kan kò sì ṣàìmọ̀. Ó ń yọ̀, kì í di ara rẹ̀ mú, bó bá sì wọ omi, á tú. Wọ́n máa ń kì í sínú ìrọ̀rí. Ilé tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ pé ó dà á mọ́ òwú, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó jọ ń na àwọ̀n ńlá ìlú títí ayé. Ní Òkèrò, ilé tí wọ́n bá yọ kúrò nínú àwọ̀n ńlá, kó yáa máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹfúnyẹlá sọ fún ara rẹ̀ pé etí àwọ̀n lásán ni wọn yóò fi òwú ilé òun hun lọ́dún yìí. Etí àwọ̀n kì í gbé nǹkan. Lẹ́yìn náà ó gbé agbọ̀n fún ọmọ rẹ̀.

Àwẹ̀ró fi ẹfun pa ìka, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ran. Kò tíì ran án ju apá mẹ́ta lọ tí òwú fi já. Ó so ó. Ó tún já. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń sọ fún un pé nǹkan kan ń bẹ nínú òwú yìí tó dán ju òwú lọ. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń dáná.

"Ìyá mi, òwú yìí ń yọ̀ mí lọ́wọ́."

Ẹfúnyẹlá kò gbójú sókè. "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n òwú báyìí? Mọ̀wọ̀n ara ẹ, kí o sì máa ran òwú ẹ."

Àwẹ̀ró padà sídìí kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń fa òwú yọ lábẹ́ aṣọ, kóró kan jábọ́ sórí itan rẹ̀. Kóró òwú máa ń tóbi, irun sì máa ń wà lára rẹ̀. Èyí kéré, ó dúdú, ó rí róbótó, ó sì ń dán. Kóró àràbà ni. Ọmọ náà wò ó títí. Ó ń gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń kọrin lẹ́yìnkùlé. Ó dìde, ó ju kóró náà sínú iná, ó tún jókòó, ó ń fi itọ́ so òwú níbi tó bá ti já, ó sì ran agbọ̀n náà tán. Wọ́n sè é pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù, ìdì ilé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó pọ́n. Ọ̀rọ̀ parí, tàbí bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn.

Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi ọ̀sà máa ń fà lọ sínú òkun, ẹja á sì máa bá a lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ọjọ́ kan péré ni agbo wọn máa ń kọjá. Ọjọ́ náà ni gbogbo Òkèrò á na àwọ̀n ńlá dí ẹnu ọ̀sà. Òpó márùn-ún ni wọ́n ti rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi níbẹ̀. Òmùwẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò wọ omi lọ so ẹsẹ̀ àwọ̀n mọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ibẹ̀ le, ó lè gbé ènìyàn lọ sókun kí ó tó pe orúkọ ara rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń so okùn mọ́ òmùwẹ̀ ní ìbàdí, okùn ẹ̀mí ni wọ́n ń pè é. Òwú ilé òmùwẹ̀ náà gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi lọ́ ọ, ẹni tó sì ran òwú náà ni yóò di okùn mú létí omi. Wọ́n ní ọwọ́ tó ran án ló mọ̀ ọ́n jù.

Ilé sílé ni iṣẹ́ òmùwẹ̀ ń kàn, kì í sì í ṣe ilé Ẹfúnyẹlá ló kàn lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, òmùwẹ̀ tó kàn ṣubú lórí igi àgbọn, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Ilé tó tẹ̀lé e, ilé Ẹfúnyẹlá ni. Olórí apẹja, Baba Ọṣífẹ̀sọ̀, wá fúnra rẹ̀ láàárọ̀ wá sọ fún wọn. Inú Ògúnṣẹ̀san dùn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti ń retí ọjọ́ yìí láti ọdún tí baba òun ti kú. Baba náà ní kí wọ́n kó èyí tó ṣẹ́ kù nínú òwú ilé wọn jáde kí àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ.

Àwẹ̀ró wo ìyá rẹ̀. Ẹfúnyẹlá wo ilẹ̀. Fún odidi ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń lọ́ okùn náà, kò jẹun, kò kọrin, bí ó bá sì la ẹnu láti sọ̀rọ̀, á tún pa á dé. Àwẹ̀ró náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá sọ ọ́, wọ́n á lé ilé wọn kúrò ní Òkèrò, gbogbo ayé á sì ní òun ṣa òwú ìyá òun. Tí kò bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi okùn àràbà wọ omi. Ọmọ náà ń gbàdúrà pé kí òwú gidi tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ wò ó, mi ò lè bú u. Mo kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Ọjọ́ pé. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, gbogbo ìlú ti wà lẹ́nu ọ̀sà. Àwọ̀n ti wà nínú àwọn ọkọ̀. Olórí àwọn obìnrin tó ń ran òwú, arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Òwú, jáde wá láti bèèrè ohun tí wọ́n máa ń bèèrè.

"Ta ló gbọ̀n òwú yìí?"

"Èmi ni," Ẹfúnyẹlá dáhùn.

"Ta ló ran án?"

"Èmi ni, Ìyá," Àwẹ̀ró ní.

"Ǹjẹ́ ó tó ẹni gbé?"

Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dáhùn èyí. Ẹfúnyẹlá fa ohùn jáde, ó ní, "Ó tó." Ó wá ku Àwẹ̀ró. Ògúnṣẹ̀san ti wà nínú omi dé ìbàdí, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Dáhùn, jọ̀ọ́, òtútù ń mú mi." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ní, "Ó tó."

Ògúnṣẹ̀san wọ omi lọ. Àwẹ̀ró di okùn mú, ọkùnrin méjì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ so ẹsẹ̀ àwọ̀n mọ́ òpó kìíní, ó yọrí, ó mí, ó tún rì. Ó so ìkejì. Okùn le dandan lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá Ọlọ́run ti gbọ́. Nídìí òpó kẹta ni nǹkan kan ta pọ́ nínú okùn náà, bí ìgbà tí ènìyàn fa ìka tó dún. Ó wo ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn kò mọ nǹkan kan. Ó tún ta pọ́. Ọwọ́ tó ran án ló mọ̀ ọ́n jù, òótọ́ ni wọ́n sọ. Fọ́nrán fọ́nrán ni okùn náà ń já níbi tí ojú kò tó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀.

Ó wá ìyá rẹ̀ kiri pẹ̀lú ojú. Ó rí i láàrin àwọn obìnrin, ó rí i pé ojú òun ni ìyá náà ń wò, kì í ṣe omi.

"Ẹ fà á," ni Àwẹ̀ró wí. Ó tún un sọ, ó kígbe, "Ẹ fà á jáde. Okùn ń já."

Wọ́n fà á. Níbi tí wọ́n ti ń fà á, tí omi náà sì ń fà á, okùn náà já. Àwọn mẹ́ta ṣubú sẹ́yìn sórí iyanrìn. Orí Ògúnṣẹ̀san yọ lókèèrè lẹ́ẹ̀kan, ó na ọwọ́ sókè, omi gbé e gba ẹnu ọ̀sà lọ. Baba Ọṣífẹ̀sọ̀ àti ọkùnrin méjì mìíràn ti bẹ́ sínú ọkọ̀, wọ́n ń fi àjẹ̀ gbá omi tẹ̀lé e. Ìgbì òkun dìde láàrin wọn àti àwọn tó wà ní èbúté, wọn ò sì rí ọkọ̀ náà mọ́.

Ìyá Òwú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú orí okùn tó já. Lóde, ó pọ́n. Nínú, níbi tó ti já, tí omi kò wọ̀, ó funfun, ó sì wú. Arúgbó náà já díẹ̀ níbẹ̀, ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì fò lọ. Òwú tó bá ti wọ omi kì í fò bẹ́ẹ̀.

Ó yíjú sí Àwẹ̀ró tó ṣì wà nílẹ̀. "Ọwọ́ rẹ ló ran án. Ìgbà wo lo mọ̀?"

Ẹfúnyẹlá ti já wọ àárín. "Ìyá Òwú, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo lọ sídìí àràbà. Èmi ni mo dà á pọ̀. Ó wá bá mi pé ó ń yọ̀ òun lọ́wọ́, mo ní kó mọ̀wọ̀n ara ẹ̀. Èmi ni kí ẹ mú."

"Mo mọ̀, Ìyá mi," Àwẹ̀ró wí. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já gaara. "Mo rí kóró rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo jù ú síná kí ẹnikẹ́ni má baà rí i."

Ẹfúnyẹlá kò gbọ́ èyí rí. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, ó rò pé òun nìkan lòun ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà kiri. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó rí i bó ṣe fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà, bó ṣe so ibi tó já, bó ṣe lanu níwájú gbogbo ìlú tó ní ó tó, gẹ́lẹ́ bí òun náà ti ṣe é. Ó jókòó sórí iyanrìn tútù níwájú gbogbo ènìyàn.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni ó wí, kì í sì í ṣe Àwẹ̀ró ló ń bi. "Èmi náà ni. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Kí ni ì bá tún rí ran?"

Wọ́n ní oòrùn ti ga kọjá orí igi kó tó di pé ọkọ̀ náà yọ. Ẹni mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀ lọ, orí mẹ́ta náà ni wọ́n rí tó ń bọ̀. Ẹfúnyẹlá kà á, ó tún un kà, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ìgbà tí ọkọ̀ fara kan iyanrìn ni wọ́n tó rí i pé Ògúnṣẹ̀san wà nílẹ̀ ọkọ̀, ó ń pọ omi, ó ń gbọ̀n. Baba Ọṣífẹ̀sọ̀ ló fi ọwọ́ kan di ìgbànú rẹ̀ mú níbi tí òkun ti fẹ́ gbé e mì. Ó yè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò lè wọ omi ju orúnkún lọ mọ́.

Agbo ẹja ti kọjá lọ. Ebi pa Òkèrò lọ́dún náà, ẹnu wọn kò sì dákẹ́ lórí ẹni tó fà á. Àwọn kan ní kí ilé Ẹfúnyẹlá kó ẹrù wọn. Ẹfúnyẹlá gbé ọrun rẹ̀ wá, ó fi lé Ìyá Òwú lọ́wọ́, ó ní òun kò tó ẹni tó ń gbọ̀n òwú mọ́. Arúgbó náà wo ọrun náà, ó sì dá a padà fún un.

"Ọmọ rẹ ṣì ní òwú láti ran," ó ní. "Tí o bá gbé ọrun sílẹ̀ báyìí, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni yóò máa ran lọ. Jókòó síta ká máa rí ọ, kí o gbọ̀n òmíràn fún un."

Ìlú gbọ́ tirẹ̀, wọn kò lé ilé náà lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Àwọn aládùúgbò bu òwú wá, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, èyí tí Ẹfúnyẹlá kò lè tọrọ tẹ́lẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n lójúde, nínú oòrùn, láìti ilẹ̀kùn. Nígbà tó gbé agbọ̀n fún Àwẹ̀ró, kò fi aṣọ bò ó, ó sì ní, "Ṣa á." Ọmọ náà tú agbọ̀n náà dé ìsàlẹ̀, ó ń wò ó ní ìdì kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í títí tó fi ṣà á tán. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìyá tó tún ti ilẹ̀kùn gbọ̀n òwú ní Òkèrò.

Ìdí òwe náà nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò fi bú ìyá ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ló ń bá wí. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n kì í fi sọ ọ́ sí ọmọ létí, tí wọn kì í sì í fi sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dójú tì. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nígbà tí òbí bá fẹ́ ṣe ohun tí kò tọ́ tó rò pé ọmọ kò rí òun, tàbí nígbà tó bá na pàṣán sí ọmọ nítorí ìwà tó jẹ́ pé lára òun fúnra rẹ̀ ni ọmọ ti kọ́ ọ. Wọ́n á pè é sẹ́yìn ilé, wọ́n á rọra sọ fún un pé òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran.